Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: BÍ MỌ́TÒ BÁ KỌ̀ TÍ KÒ YÍ

Ẹni tó di ọ̀dùnkún sí mọ́tò l'Ọ́fà ní ìdájí, tó fẹ́ gbé e lọ Ìlọrin, tó wá yí kọ́kọ́rọ́ tí ẹ́ńjìnnì ò yí, ó mọ bí àyà ṣe ń já. Ẹ má tíì yá owó ẹgbẹ́ ra sítátà o! Ẹ kọ́kọ́ wo ìwọ̀nyí:

1. Ẹ tan iná iwájú, kí ẹ yí kọ́kọ́rọ́. Bí iná bá ṣú, tàbí tí ẹ gbọ́ "kà-kà-kà-kà", bátìrì ni kí ẹ fura sí. Bátìrì tó yó máa ń fi nǹkan bíi fóòtì 12.6 hàn lórí mítà.

2. Ẹ wo orí bátìrì. Bí ìyẹ̀fun funfun bá bò ó, tàbí wáyà ń mì, iná ò ní kọjá dáadáa. Wáyà dúdú tó lọ sára mọ́tò ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, òun náà lẹ ó dì gbẹ̀yìn. Ẹ ha á mọ́, kí ẹ dì í le.

3. Bí iná bá mọ́lẹ̀ kedere, tí ẹ gbọ́ "kọ́!" ẹ̀ẹ̀kan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ sítátà. Bí kò bá dún rárá, ẹ wo fíùsì. Bó bá jẹ́ ọtomátíìkì, ṣé gíà wà ní P tàbí N?

Ẹ má di kọ́kọ́rọ́ mú ju ìṣẹ́jú-àáyá 10 lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi irin kan sítátà nígbà tí gíà wà nínú mọ́tò. Ó lè gun èèyàn mọ́lẹ̀.

Bó bá ṣì kọ̀, ẹ pe ríwáyà. Owó tí a fi ra sítátà tí kò bàjẹ́, owó ọjà ni.