Èdè Ìpẹja Nínú Àwọn Adágún Kéékèèké

Ní àríwá ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà, létí ààlà Kánádà, ni igbó ọba kan wà tí wọ́n ń pè ní Boundary Waters, tí adágún inú rẹ̀ lé ní 1,000. Yìnyín ńláńlá tó bo ilẹ̀ náà láyé àtijọ́ ló gbẹ́ ihò sínú àpáta ibẹ̀, nígbà tó sì yọ́ tán ni omi gba ojú ihò náà. Ẹni tó bá ń gbáradì láti lọ pẹja níbẹ̀, tó sì fẹ́ fi Yorùbá tó gún régé kọ ètò ìrìnàjò rẹ̀ sílẹ̀, kò ní í kọ ìlà méjì kó tó rí i pé èdè ìpẹja ní ìlànà tirẹ̀, tí àwọn tó ń túmọ̀ láti inú Gẹ̀ẹ́sì sì máa ń tẹ̀ lójú mọ́lẹ̀.

Orúkọ omi ló ṣáájú. Odò ni omi tó ń ṣàn, ì báà tóbi, ì báà kéré, nígbà tí adágún jẹ́ omi tó dúró sójú kan, bí odò kékeré tilẹ̀ ń wọ inú rẹ̀ tàbí tó ń jáde níbẹ̀. Ìdí nìyí tí omi Ẹlẹ́yẹlé ní Ìbàdàn fi di adágún nígbà tí wọ́n sé odò Ọ̀nà ní 1942, tí Ọ̀nà fúnra rẹ̀ sì ń jẹ́ odò lọ níbi tó ti ń ṣàn. Ọ̀sà yàtọ̀ sí méjèèjì, nítorí pé omi fífẹ̀ tó bá òkun tan ni, irú Ọ̀sà Èkó. Iyọ̀ kọ́ ló pààlà láàrin wọn, torí pé omi Ọ̀sà Lẹ́kì kò níyọ̀ tó bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ kò sí ará Ẹ̀pẹ́ tó jẹ́ pè é ní adágún. Bákan náà, àwọn tó ń kọ "ẹja omi tútù" fún ẹja inú omi tí kò níyọ̀ ti ṣi ọ̀rọ̀ túmọ̀: òtútù ni omi tútù ń tọ́ka sí, ẹja tútù sì ni èyí tí a kò tíì yan, ì báà jẹ́ inú òkun ló ti wá. "Ẹja inú odò àti adágún" ti tó.

Inú ọ̀rọ̀ ìṣe ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù. Pẹja ló kárí gbogbo iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n àwọn kan ti ń sá fún un, nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ń fi ìwọ̀ ṣeré ìdárayá a máa dá ẹja padà sómi láàyè, wọ́n sì rò pé "pa" inú "pẹja" kò lè ṣàìmú ikú dání. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó pa owó lọ́jà kò gbẹ̀mí owó, ẹni tó pa àlọ́ kò sì ṣe àlọ́ léṣe. Kò sí ohun tó burú nínú kí a kọ pé wọ́n pẹja láti àárọ̀ di àṣálẹ́, wọ́n mú mẹ́fà, wọ́n sì tú mẹ́rin sílẹ̀: "pa" dúró fún iṣẹ́ náà, "mú" dúró fún ẹja tó bọ́ sọ́wọ́. Lẹ́yìn èyí, irin iṣẹ́ ló ń yan ọ̀rọ̀ ìṣe. Àwọ̀n ni à ń dà, ìwọ̀ ni à ń jù, ìgèrè, ìyẹn pàkúté ẹja tí a hun bí agbọ̀n, ni à ń dẹ. "Dẹ" yìí, tó ní ìdúró àti sùúrù nínú, ni ti pàkúté, ti ìgbẹ́ àti ti odò. Òun ló bí ọdẹ, òun náà ló bí ìdẹ, ìyẹn ohun jíjẹ tí a fi ń tan ẹja.

Àmì ohùn kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn níhìn-ín, nítorí pé irin iṣẹ́ apẹja méjì ní ìkejì láàrin arọ́pò afarajorúkọ, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó ń dúró fún orúkọ tó sì ń ṣe bí orúkọ nínú gbólóhùn: ìwọ̀ àti ìwọ, àwọ̀n àti àwọn. Òǹkọ̀wé tó bá kọ "gbe iwọ wa" láìsí àmì lè mú kí òǹkàwé máa wá ẹni tí wọ́n fẹ́ gbé.

Ìwé méjì ni arìnrìnàjò náà yóò gbà: ìwé àṣẹ ìpẹja láti ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀, àti ìwé àṣẹ ìwọlé, nítorí pé iye ẹgbẹ́ tó lè wọ igbó náà lójúmọ́ láti ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún sí ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án níwọ̀n. Ẹgbẹ́ kan kò gbọdọ̀ ju ènìyàn 9 àti ọkọ̀ 4 lọ, oúnjẹ inú agolo àti ti inú ìgò kò sì gbọdọ̀ wọlé. Kò tọ̀nà láti pe èyíkéyìí nínú ìwé wọ̀nyí ní ìwé ẹ̀rí, torí pé ẹ̀rí ń sọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀, àṣẹ ń sọ ohun tí a yọ̀ǹda.

Láti adágún kan sí èkejì, apẹja ní láti sọ̀ kalẹ̀, kó sì mú ọkọ̀ gba ojú ọ̀nà inú igbó. Gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀ ya ọ̀rọ̀ Faransé lò fún èyí, ṣùgbọ́n Yorùbá kò nílò àyálò. Ọkọ̀ tí ẹnì kan dojú rẹ̀ dé lé èjìká ni ó rù. Èyí tí ẹni méjì mú ní orí àti ìdí ni wọ́n jùmọ̀ gbé. Èyí tí wọ́n fà nílẹ̀ ni wọ́n wọ́, tí àpáta sì lè dá ihò sí nídìí. Àwòrán ilẹ̀ ibẹ̀ a máa fi ọ̀pá wọn ọ̀nà wọ̀nyí, ọ̀pá kan sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 16 àti ààbọ̀. Kí òǹkọ̀wé tètè là á yé, kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀pá ìwọ̀ ni.

Ní ti ẹja, walleye, northern pike àti lake trout kò ní orúkọ Yorùbá, pípè wọ́n ní àrọ̀ tàbí epìyà sì burú ju fífi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà lọ. Ẹni tó bá darí dé ni wọn yóò bi ní "Ẹja nbákàn?", àkànlò èdè tó ń béèrè bóyá ìrìn náà yọrí sí rere. Àwọn kan ń kọ ọ́ ní "ẹja ń bá àkàn", bí ẹni pé ẹja ń lé àkàn kiri nínú omi. Ìsúnkì "ẹja ni àbí àkàn" ni, "ni" ló sì wà nínú rẹ̀, kì í ṣe "ń" tó ń tọ́ka sí ìṣẹ̀lẹ̀ tó ń lọ lọ́wọ́.