Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Ásítẹ́rọ́ìdì Olókùúta: Àpẹẹrẹ 951 Gaspra

1. Ìṣòro

Bí olùkọ́ ní Ìkòròdú tàbí ní Ẹ̀pẹ́ bá fẹ́ túmọ̀ ásítẹ́rọ́ìdì, "ìràwọ̀ kékeré" ni ó rọrùn jù láti mú lò. Ó bá ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà mu ní èdè Gíríìkì, èyí tí í ṣe "ohun tí ó jọ ìràwọ̀", ṣùgbọ́n ó ń ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Ìràwọ̀ a máa tan ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni a fi ń rí ásítẹ́rọ́ìdì, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi í rí àgùàlà.

2. Àpẹẹrẹ

Grigory Neujmin ni ó ṣàwárí Gaspra ní Simeiz, ní Crimea, ní ọdún 1916. Nọ́ńbà 951 jẹ́ ti ètò àkọsílẹ̀; kì í ṣe ìwọ̀n. Apá inú ìgbàjá tí ó wà láàárín Máàsì àti Júpítà ni ó wà. Jíjìn rẹ̀ sí oòrùn tó ìlọ́po 2.2 jíjìn ayé sí oòrùn. Ní ọjọ́ 29, oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 1991, ọkọ̀ òfurufú Galileo kọjá ní nǹkan bí 1,600 kìlómítà sí i: ásítẹ́rọ́ìdì àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ sún mọ́ nìyẹn. Àwòrán fi hàn pé ó rí gbágungbàgun, kòtò sì pọ̀ lára rẹ̀.

3. Àbá

(a) "Òkúta ayípo-oòrùn" dùn létí, ṣùgbọ́n kò gba gbogbo ẹ̀yà. Bí a bá ní "òkúta onírin", akẹ́kọ̀ọ́ yóò rò ó sí òkúta tí a ń yọ́ irin lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ irin ni ó pọ̀ jù lára irú ásítẹ́rọ́ìdì bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kí ásítẹ́rọ́ìdì jẹ́ orúkọ gbogbogbòò, kí olókùúta, onírin àti eléèédú máa fi ẹ̀yà hàn.

(b) Ìgbàjá yẹ fún ohun tí ó yí oòrùn ká, ṣùgbọ́n kí olùkọ́ fi kún un pé àlàfo ńlá wà láàárín wọn. Galileo la ibẹ̀ kọjá láìkọlu ọ̀kan.

(d) Kí a ya "yí lórí ara rẹ̀" sọ́tọ̀ kúrò lára "yípo oòrùn". Wákàtí 7 ni Gaspra fi ń ṣe ti àkọ́kọ́. Ó ń lo ọdún 3 ó lé díẹ̀ fún èkejì.

4. Ìlò ní kíláàsì

Gígùn Gaspra tó nǹkan bí kìlómítà 18. Bí a bá tẹ́ ẹ sílẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkòròdú sí Ẹ̀pẹ́, kò ní bo ìdajì rẹ̀. Kí olùkọ́ ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi okùn wọn èyí lórí máàpù. Nígbà náà ni wọn yóò mọ̀ pé "kékeré" inú sáyẹ́ǹsì jẹ́ ọ̀rọ̀ ìfiwéra: ohun tí ó kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ayé lè bo ọ̀pọ̀ abúlé.