Ìsanra Àsanjù àti Tàírọ́ìdì: Ohun Tí Akọ àti Abo Ẹranko Ń Kọ́ Wa

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó sanra ju bó ṣe yẹ lọ ló máa ń béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá tàírọ́ìdì ló kó ọ̀rá sí wọn lára. Ìbéèrè náà bójú mu. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ṣe lára eku fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà lè gba ọ̀nà kejì wá: ìsanra fúnra rẹ̀ lè da iṣẹ́ tàírọ́ìdì rú. Kò sì tọ́ kí a fi ohun tó ṣẹlẹ̀ sí akọ ẹranko ṣe ìdájọ́ abo.

Tàírọ́ìdì jẹ́ ẹ̀yà ara kékeré kan tó wà níwájú ọrùn, nísàlẹ̀ gògóńgò, tó rí bí labalábá tó na ìyẹ́ apá rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pèsè họ́mónù méjì, T4 àti T3, tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé kiri ara. Àwọn họ́mónù yìí ló ń pinnu bí ara yóò ṣe yára lo oúnjẹ tó, bí ọkàn yóò ṣe yára lù tó, àti bí ara yóò ṣe móoru tó. A lè fi tàírọ́ìdì wé ẹni tó ń koná sábẹ́ ìkòkò: bí ó bá koná jù, ọbẹ̀ á jóná, bí ó bá yọ igi jù, oúnjẹ kò ní jinná. Ẹ̀yà ara mìíràn tó wà lábẹ́ ọpọlọ ló ń ṣọ́ ọ. Bí T4 bá dínkù nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀yà ara abẹ́ ọpọlọ yìí yóò tú họ́mónù tí à ń pè ní TSH jáde, láti pàṣẹ fún tàírọ́ìdì pé kó tẹra mọ́ṣẹ́. Ìdí nìyí tí TSH fi jẹ́ ohun tí àwọn dókítà kọ́kọ́ máa ń wò.

Àwọn àgbà wa kò ṣàìmọ àrùn ẹ̀yà ara yìí. Gẹ̀gẹ̀ ni wọ́n ń pe wíwú ọrùn tí ó ń fà, àìtó áyódìnì nínú oúnjẹ ló sì sábà máa ń wà nídìí rẹ̀. Láti ọdún 1993 ni Nàìjíríà ti gbé ètò kalẹ̀ pé kí áyódìnì wà nínú iyọ̀ tí a ń jẹ, àjọ NAFDAC, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Àbújá, sì wà lára àwọn tó ń mójú tó o. Gẹ̀gẹ̀ máa ń hàn sójú gbogbo ayé. Ìdàrúdàpọ̀ tí ọ̀rá ń fà kì í sábà hàn lọ́rùn. Inú ẹ̀jẹ̀ ni a ti ń rí i.

Ní ọdún 2014, àwọn onímọ̀ ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà tẹ ìwádìí kan jáde lórí akọ eku tí wọ́n fi oúnjẹ tí ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ bọ́ fún ọ̀sẹ̀ 24. T4 inú ẹ̀jẹ̀ àwọn eku náà wálẹ̀, TSH wọn sì gòkè. Ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ ní Gúúsù Kòríà ròyìn pé ọ̀rá wọ inú sẹ́ẹ̀lì tàírọ́ìdì àwọn akọ eku tó sanra, wọ́n sì rí irú rẹ̀ lára ènìyàn tó sanra. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2010 ti fi hàn pé TSH àwọn eku tó jẹ ọ̀rá púpọ̀ gòkè, tí T3 àti T4 wọn kò sì yí padà.

Lójú wa, àwọn èsì wọ̀nyí kò ta ko ara wọn. Ọ̀rá kì í ṣe ẹrù lásán tí ara gbé pamọ́. Sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá ń tú họ́mónù kan tí ń jẹ́ leptin jáde, èyí tó ń sọ fún ọpọlọ pé oúnjẹ ti pọ̀ nípamọ́. Bí ọ̀rá bá ṣe ń pọ̀ sí i ni leptin ń pọ̀ sí i, tí yóò sì máa ti ọpọlọ láti fi àṣẹ kún àṣẹ fún tàírọ́ìdì. Ó jọ pé tàírọ́ìdì ń gbìyànjú níbẹ̀rẹ̀, kí ó tó wá rẹ̀ ẹ́ bí ọ̀rá bá ti wà níbẹ̀ pẹ́.

Ẹ kíyè sí i pé akọ ni eku Ṣáínà, akọ sì ni ti Kòríà. Kì í ṣe èèṣì. Họ́mónù abo eku ń yí padà láàárín ọjọ́ 4 sí 5, ọ̀pọ̀ olùwádìí sì gbà pé ìyẹn yóò da ìṣirò àwọn rú. Yàtọ̀ sí èyí, akọ ló tètè máa ń sanra. Nínú àwọn eku kéékèèké tí a ń lò jù fún ìwádìí, estrogen, họ́mónù tí ilé ẹyin ń pèsè, máa ń dáàbò bo abo lọ́wọ́ oúnjẹ ọ̀rá. Bí a bá gé ilé ẹyin náà kúrò, abo yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sanra. TSH akọ eku sì sábà máa ń ga ju ti abo lọ kí oúnjẹ ọ̀rá tilẹ̀ tó kàn wọ́n rárá. Nítorí náà, ibi tí akọ ti bẹ̀rẹ̀ kọ́ ni abo ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2014 ni àjọ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, NIH, kéde pé kí àwọn tó ń gba owó ìwádìí lọ́wọ́ òun máa ro ti akọ àti abo, àṣẹ náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2016.

Láàárín ènìyàn, obìnrin ni àrùn tàírọ́ìdì ń bá jà jù, ní ìlọ́po 5 sí 8 ti ọkùnrin. Nínú ìwádìí NDHS ti Nàìjíríà, obìnrin 22 nínú 100 láàárín ọmọ ọdún 15 sí 49 ló sanra jù ní ọdún 2008. Nígbà tó fi di ọdún 2018, iye náà ti di 28. Akọ eku ló wá ń jẹ́rìí fún àwọn obìnrin wọ̀nyí. Abo eku tí a gé ilé ẹyin rẹ̀ ìbá sún mọ́ ìyá tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró ju akọ eku èyíkéyìí lọ.

Ní Idu, ní Àbújá, ni NIPRD wà, ilé-iṣẹ́ ìwádìí oògùn ti ìjọba àpapọ̀, níbi tí wọ́n ti ń sin ẹranko fún ìwádìí. Irú ibẹ̀ ló yẹ kí a ti fi oúnjẹ tiwa bọ́ akọ àti abo eku pa pọ̀: dùndú àti pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù tí a dín nínú òróró tí a ti lò léraléra, búrẹ́dì, àti ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n ń tà ní Nyanya àti Kubwa. Ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ kọ́ ni ọ̀pọ̀ wa fi ń dín nǹkan.

Síbẹ̀, eku kì í ṣe ènìyàn, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ìwádìí yìí ra oògùn. Bí tàírọ́ìdì kò bá ṣiṣẹ́ tó, ìwọ̀n kílò 2 sí 5 ló sábà máa ń fi kún ara, omi àti iyọ̀ ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹni tó fi kílò 30 sanra ju bó ṣe yẹ lọ ní láti wo ibòmíràn pẹ̀lú. Ní ọdún 2020, ẹgbẹ́ àwọn dókítà họ́mónù ti Yúróòpù dámọ̀ràn pé kí a ṣe àyẹ̀wò tàírọ́ìdì fún ẹni tó sanra jù, ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi họ́mónù tàírọ́ìdì wá ìgbẹ́kú ara fún ẹni tí tàírọ́ìdì rẹ̀ dára. Levothyroxine tí a lò láìnídìí lè mú kí ọkàn máa sáré lódìlódì, ó sì lè sọ egungun di ẹlẹgẹ́. TSH tí ìsanra gbé sókè díẹ̀ sábà máa ń wálẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ẹni náà bá fọn.

Bí òtútù bá ń mú yín nígbà tí ara àwọn ẹlòmíràn yá gágá, bí àárẹ̀, àìlèyàgbẹ́ àti gbígbẹ awọ ara bá ń yọ yín lẹ́nu, tàbí bí nǹkan oṣù bá ń pọ̀ jù, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò TSH àti T4 ní ilé ìwòsàn. Ẹ sọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò fún dókítà, pàápàá fítámì biotin tí ọ̀pọ̀ obìnrin ń lò fún irun àti èékánná. Ó lè mú kí èsì àyẹ̀wò yí padà, nítorí náà ẹ dá a dúró fún ó kéré tán ọjọ́ 2 kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ yín.