Ẹ Fi Ìwọ̀nba Tó Wà Bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, inú mi dùn pé ẹ fẹ́ dá ẹgbẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀ nílé ìwé yín. Ẹ má dúró dìgbà tí kọ̀ǹpútà bá kún yàrá. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè: ẹ wá tíṣà kan tí yóò dúró tì yín, kí ẹ tó lọ bá ọ̀gá ilé ìwé.

Ẹ fi Scratch, ètò tí a fi ń kọ́ ọmọdé bí a ṣe ń kọ ìlànà fún kọ̀ǹpútà, bẹ̀rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà ló gbé e jáde ní 2007. Bí ẹ bá ti gbà á sórí kọ̀ǹpútà, ó ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ọmọ mẹ́ta jókòó ti ẹ̀rọ kan: ọ̀kan di máòsì mú, ìkejì ń ka ìgbésẹ̀ sókè, ìkẹta ń kọ àṣìṣe sílẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, kí wọ́n pààrọ̀ ipò. Ẹ má fi àwọn ọmọbìnrin ṣe òǹwòran. Bí iná bá lọ, ẹ fi bírò to ìgbésẹ̀ náà sínú ìwé.

Kí ẹ tó jáde nílé ìwé, ẹ kọ́ àwọn àbúrò yín. Ẹgbẹ́ tí kò ní àrólé kì í pẹ́ túká.