Kòkòrò Àjèjì, Ọ̀tá Kòkòrò

Ìbéèrè: Atlanta, ní Georgia, ni mò ń gbé. Ṣé kíkó kòkòrò wá láti òkèèrè láti pa kòkòrò kò ní dá wàhálà mìíràn sílẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ̀rù yín kì í ṣe asán. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, ìjọba Amẹ́ríkà tú Harmonia axyridis, kòkòrò pupa alámì dúdú láti Éṣíà, sílẹ̀ ní Georgia kí ó máa jẹ àwọn kòkòrò tó ń mu oje igi pecan. Ó ń jẹ wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ̀bìà ni. Ó ń jẹ ẹyin àwọn ìbátan rẹ̀ tó bá nílẹ̀, bí òtútù bá sì ti ń bọ̀, inú ilé yín ló ń sá wá.

Àmọ́ ẹ wo ẹ̀gẹ́. Nígbà tí kòkòrò funfun kan láti Gúúsù Amẹ́ríkà wọ Áfíríkà ní àwọn ọdún 1970, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ run oko. Wọ́n rí ọ̀tá rẹ̀ ní Paraguay: Anagyrus lopezi, agbọ́n tíńtín tó ń yé ẹyin sínú ara kòkòrò yìí. Àwọn onímọ̀ IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn, tú u sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1981; Hans Herren, tó ṣáájú iṣẹ́ náà, gba ẹ̀bùn World Food Prize ní 1995. Ẹnìkan lè ní, bí oúnjẹ agbọ́n bá tán ńkọ́? Kì í tán. Bí kòkòrò bá dín, agbọ́n náà á dín. Oúnjẹ tóóró tí ó ń jẹ ni ààbò wa, ohun tí Harmonia kò ní.

Ní òkè àríwá Georgia, wọ́n ń tú Laricobius, kòkòrò tó ń jẹ àwọn kòkòrò tó ń pa igi hemlock, sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó lọ́ra. Igi ń kú kí Laricobius tó pọ̀ sí i, nítorí náà wọ́n ṣì ń lo oògùn pẹ̀lú rẹ̀.