Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Ẹ Sọ fún Wọn, Ẹ Má Dán Wọn Wò

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, nínú ẹ̀kọ́ tó kọjá, a kọ́ bí a ṣe ń fi "ta", "kí", "níbo" àti "ìgbà wo" béèrè ọ̀rọ̀. Lónìí, a ó rí ibi tí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ti lè ni ènìyàn lára. Púpọ̀ nínú yín ní òbí tàbí òbí àgbà tó ń sọ Yorùbá, nítorí náà ẹ̀kọ́ yìí lè wúlò fún yín kọjá inú kíláàsì.

Àyọkà

Ká sọ pé bàbá kan ní Toronto yọ̀ ṣubú lórí yìnyín. Wọ́n fi orí gbá ilẹ̀, wọ́n sì dákú. Ní ilé ìwòsàn, àwọn dókítà máa ń lo òṣùwọ̀n tí Graham Teasdale àti Bryan Jennett gbé jáde ní Glasgow ní ọdún 1974. Ohun mẹ́ta ni òṣùwọ̀n náà ń wò: bí aláìsàn ṣe ń la ojú, bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀ àti bí ó ṣe ń mi ara. Máàkì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 3 dé 15. Bí ó bá jẹ́ 8 tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀, ìpalára náà le gan-an.

Nítorí pé ọ̀rọ̀ sísọ wà lára ohun tí wọ́n ń wò, èdè ṣe pàtàkì. Bí bàbá náà bá ń fi Yorùbá dáhùn ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá lè rò pé ọ̀rọ̀ wọn ti dàrú. Bákan náà, orúkọ inú páásípọ́ọ̀tù lè máà jẹ́ èyí tí a fi ń pè wọ́n nílé. Ẹ sọ méjèèjì fún nọ́ọ̀sì.

Lẹ́yìn tí aláìsàn bá jí, ó lè máa gbàgbé gbogbo ohun tuntun fún ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè mélòó kan ti kọ ìlànà ìtọ́jú tó ń jẹ́ INCOG. Ó jáde ní ọdún 2014, wọ́n sì tún un ṣe ní 2023. Ó ní kí ibi tí aláìsàn wà pa rọ́rọ́, kí àlejò sì dínkù bí wọ́n bá ń kó àárẹ̀ bá a. Ó fọwọ́ sí ìwé àkọsílẹ̀, kàlẹ́ńdà àti fóònù fún ìrántí. Ó ní kí a ro èdè àbínibí àti àṣà aláìsàn mọ́ ìtọ́jú rẹ̀. Ó tún fọwọ́ sí ọ̀nà ìkọ́ni tí kì í jẹ́ kí aláìsàn sọ ohun tí kò dá a lójú, torí àṣìṣe náà lè dúró sí i lọ́kàn.

Ní ilé Yorùbá, a máa ń bi aláìsàn pé, "Ṣé ẹ dá mi mọ̀?" Ìfẹ́ ló fà á, ṣùgbọ́n ìdánwò ni. Ẹ fi ìdánwò sílẹ̀ fún dókítà. Ìdáhùn ni kí ẹ̀yin mú lọ.

Ìsọ̀rọ̀ǹgbèsì kìíní

Adé: Ẹ káàsán, Dádì. Ta ni mí?
Bàbá: Ṣé... Táyọ̀ ni?
Adé: Rárá o! Ẹ wò mí dáadáa.
(Bàbá kọjú sí ògiri.)

Ìsọ̀rọ̀ǹgbèsì kejì

Adé: Ẹ káàsán, Dádì. Adé ọmọ yín ni mí. Ilé ìwòsàn la wà. Ọjọ́ Ẹtì lòní.
Bàbá: Adé. O káre. Màmá rẹ ńkọ́?
Adé: Wọ́n ń bọ̀ ní aago mẹ́rin. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé yìí, kí ẹ lè máa rí i.

Gírámà

"Ta ni mí?" di "Adé ni mí." "Ni" kò kúrò, ìdáhùn ló gba ipò "ta". "La" jẹ́ "ni" àti "a"; "lòní" jẹ́ "ni" àti "òní". Ẹ kíyè sí i pé "wọ́n" dúró fún bàbá kan ṣoṣo nínú àyọkà, nítorí ọ̀wọ̀.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Ẹ sọ ìbéèrè wọ̀nyí di gbólóhùn tí ẹ lè sọ fún aláìsàn: Níbo la wà? Ọjọ́ wo lòní? Ta ni obìnrin yìí?
2. Kí ló mú kí Bàbá kọjú sí ògiri?
3. Ẹ kọ gbólóhùn márùn-ún sínú ìwé ìrántí àgbàlagbà kan nínú ẹbí yín. Ẹ lo "ẹ" àti "yín".