‘Oníbàárà Mi Kò Mọ Ohun Tó Ń Fẹ́’

Mo máa ń ka abala yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo sì ní kí n fi ọ̀rọ̀ tèmi náà lọ̀ yín. Mo dá ilé iṣẹ́ kékeré kan sílẹ̀ ní Yaba, dìsáìnì áàpù là ń ṣe: bí ojú rẹ̀ yóò ṣe rí lórí fóònù, ohun tí èèyàn yóò kọ́kọ́ tẹ̀, ọ̀nà tí yóò gbà débi tó ń lọ. Òṣìṣẹ́ márùn-ún ló wà lọ́dọ̀ mi. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan gbé iṣẹ́ fún wa, kí àwọn ìyá ọjà lè máa dá àjọ lórí fóònù. A ti tún un ṣe títí ó fi sú wa. Akọ̀wé ní àwọ̀ ewé ni kí a fi sí i, akápò ní búlúù ló wu òun, ọmọ alága tó ti ìlú òyìnbó dé ní kí a tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Ìdajì owó ni wọ́n san. Nígbà tí a béèrè ìyókù, wọ́n ní kí a jẹ́ kó di ìpín tiwa nínú èrè áàpù náà. Alaalẹ́ ni mò ń jókòó tún iṣẹ́ àwọn ọmọ ṣe, torí bí mo bá fi sílẹ̀ fún wọn, kì í dáa tó. Èyí tó mọ iṣẹ́ jù nínú wọn ti ní òun ń lọ. Ilé iṣẹ́ òkè òkun kan fẹ́ máa san dọ́là fún un. Báǹkì kan sì ti ní kí n wá ṣe ọ̀gá àwọn dìsáínà wọn. Ṣé kí n ti ilẹ̀kùn ni? Oníbàárà mi kò mọ ohun tó ń fẹ́, ẹ̀mí mi sì ti ń bọ́.

Ọ̀gá Tó Ti Rẹ̀, Yaba, Èkó

Àbúrò mi, o kú làálàá, o kú ìrọ́jú. Ohun tí o sọ gbẹ̀yìn ni mo fẹ́ mú ṣáájú, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù so mọ́. O ní oníbàárà rẹ kò mọ ohun tó ń fẹ́. Mo darí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí fún ọdún gbọọrọ, ẹnu ọ̀pọ̀ ọ̀gá ni mo sì ti gbọ́ gbólóhùn yẹn. N kò gbà á rárá. Tún lẹ́tà rẹ kà, kí o wo àwọn tí o dárúkọ níbẹ̀: akọ̀wé, akápò, ọmọ alága. Ìyá ọjà tí yóò fi áàpù náà dá àjọ dà? Torí tirẹ̀ ni ẹ ṣe ń ṣe wàhálà, kò sì sí ẹnì kan nínú yín tó tíì lọ bá a jókòó. Níbi tí kò bá ti sí ẹni tó mọ̀, ohun tó wu kálukú ni kálukú yóò máa wí. Ewé wu tibí, búlúù wu tọ̀hún, ta ni yóò wá là wọ́n?

Kí ni ilé iṣẹ́ rẹ ń tà gan-an? Bí o bá ní àwòrán ojú fóònù ni, a jẹ́ pé gbogbo ẹni tó ní kọ̀ǹpútà ni yóò máa bá ọ du iṣẹ́, tí wọn yóò sì máa bu owó rẹ wálẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sanwó fún ni pé o mọ ẹni tí yóò lo nǹkan náà ju bí àwọn fúnra wọn ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Bí o kò bá tíì mọ̀ ọ́n, o kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, lọ sí ọjà. Mile 12 kò jìnnà sí ọ. Wá ìyá kan tó ń ta ata, kí i dáadáa, ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, kí o tọrọ àyè láti jókòó tì í láti àárọ̀ títí alájọ yóò fi dé. Má ṣe gbé ìwé ìbéèrè dání. Wo ọwọ́ rẹ̀. Ata rodo ti wọ abẹ́ èékánná, omi tòmátì ń kán sílẹ̀ ní ìgbọ̀nwọ́. Bí fóònù bá dún, yóò kọ́kọ́ nu ọwọ́ mọ́ ìró, síbẹ̀ ojú fóònù yóò kọ̀ fún un torí pé ọwọ́ ṣì tutù, ni yóò bá pe ọmọ kan pé kó wá bá òun tẹ̀ ẹ́. Bọ́tìnì kékeré tí ẹ tì sí igun òkè lọ́hùn-ún kò wúlò fún irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí alájọ bá dé, má gbójú kúrò lára àwọn méjèèjì. Ìyá náà fa káàdì yọ lábẹ́ àtẹ, ó ka owó lé e lọ́wọ́, alájọ fi bírò sàmì sí ojú ọjọ́ òní, ó dá káàdì padà. Ìyá yẹ̀ ẹ́ wò fìrí, ó ti mọ iye tí òun ní láìka nọ́ńbà kankan. Kò pẹ́ ìṣẹ́jú kan. Ó mọ̀ pé bí oṣù bá parí, owó ọjọ́ kan nínú rẹ̀ jẹ́ ti alájọ, ó gbà bẹ́ẹ̀, kò sì bínú sí i. Káàdì yẹn ni ẹ fẹ́ fi áàpù rọ́pò o. Ṣé áàpù yín yá tó o? Lẹ́yìn náà, wo àwọn tó dúró yí i ká: ẹni tí wọ́n jọ ń tajà, oníbàárà tó ń ná ata, ọmọ àbúrò ọkọ tó wá tọrọ owó. Kò fẹ́ kí ìkankan nínú wọn mọ iye tó wà lọ́wọ́ òun. Bí áàpù yín bá ṣí, tí gbogbo àjọ rẹ̀ sì hàn gàdàgbà lójú fóònù, kò ní ṣí i lọ́jà mọ́ láéláé, ìdí tí wọ́n fi ṣe é ti bàjẹ́ nìyẹn. Akọ̀wé kò lè sọ èyí fún ọ, akápò kò lè sọ ọ́. Bí ìwọ bá rí i, tí o sì lọ sọ ọ́ fún wọn bí o ṣe rí i, ìjà àwọ̀ ewé àti búlúù yóò rọlẹ̀ fúnra rẹ̀.

Kenneth Grange, dìsáínà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún tó dá ilé iṣẹ́ dìsáìnì Pentagram sílẹ̀ ní London lọ́dún 1972, ṣe ohun kan tí mo máa ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ilẹ̀ wọn ní kó wá bá wọn ṣètò ọ̀dà tí wọn yóò fi kun ọkọ̀ tuntun tó ń sáré gan-an. Ọ̀dà lásán. Ó ṣe ọ̀dà náà, àmọ́ imú ọkọ̀ yẹn kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó lọ sí Imperial College lóru, níbi tí wọ́n ti ń fẹ́ atẹ́gùn lu àpẹẹrẹ ọkọ̀ láti mọ bí yóò ṣe la afẹ́fẹ́ kọjá, ó gbẹ́ imú náà títí ó fi rí èyí tó dára. Nígbà tó padà dé ọ̀dọ̀ wọn, ó gbé ọ̀dà tí wọ́n béèrè kalẹ̀, ó wá gbé imú tuntun kalẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rí. Ọkọ̀ náà ni InterCity 125 tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1976, imú yẹn sì ni gbogbo èèyàn fi dá a mọ̀. Kò bá wọn jiyàn pé wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń fẹ́. Ó fún wọn ní ohun tí wọ́n wí, ó fi ohun tí ojú rẹ̀ rí lé e.

Ó ku ti àwọn ẹlẹ́nu púpọ̀. Hartmut Esslinger, ará Jámánì tó dá ilé iṣẹ́ dìsáìnì tí a wá mọ̀ sí frog sílẹ̀ lọ́dún 1969, fẹsẹ̀ rinlẹ̀ nígbà tí Apple fẹ́ gbà á: Steve Jobs fúnra rẹ̀ ni òun yóò máa jábọ̀ fún, kì í ṣe àwọn ọ̀gá ẹ̀ka. Ọlọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tiwa gba sùúrù díẹ̀ sí i. O kò lè sọ lójú ìpàdé pé kí ọmọ alága pa ẹnu mọ́, bí o tilẹ̀ jàre. Lọ bá alága nílé tàbí ní ọ́fíìsì rẹ̀, ìwọ nìkan, kúnlẹ̀ kí i, kí o ní: “Bàbá, ẹnu ta ni kí a máa gbọ́ lórí iṣẹ́ yìí? Ẹni yòówù kí ẹ yàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún wa.” Òun ni yóò bá ọmọ rẹ̀ sọ ìyókù. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni ló lè dá àbá, àmọ́ ẹnu ẹni tí alága yàn ni yóò ti dé ọ̀dọ̀ yín.

Ọ̀rọ̀ owó wá. Àwọn tó dàgbà díẹ̀ nínú wa mọ ẹ̀rọ Gestetner dáadáa, òun ni wọ́n fi ń tẹ ìwé ìdánwò nílé ẹ̀kọ́, tí tàdáwà yóò sì kun gbogbo ọwọ́ tíṣà. Lọ́dún 1929, Sigmund Gestetner, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní London, bẹ Raymond Loewy, dìsáínà ọmọ ilẹ̀ Faransé tó ti ń gbé ní New York, pé kó tún ojú ẹ̀rọ náà ṣe. Kí ó tó fọwọ́ kan nǹkan kan, wọ́n ti jọ sọ owó: bí iṣẹ́ bá wù wọ́n, 2,000 dọ́là, bí kò bá wù wọ́n, 500 dọ́là. Ó rẹ́ amọ̀ bo ẹ̀rọ náà, ó fi àwọn irin inú rẹ̀ pamọ́, ó sì ká ẹsẹ̀ rẹ̀ tó yọ síta tí àwọn òṣìṣẹ́ máa ń kọ kúrò lọ́nà. Ohun tí mo fẹ́ kí o mú níbẹ̀ ni 500 dọ́là yẹn. Bí wọ́n bá tilẹ̀ kọ iṣẹ́ náà, ẹni tó ṣe é kò ní ṣe é lásán. Ta ló máa ń ní kí télọ̀ kọ́kọ́ rán agbádá kan wá lọ́fẹ̀ẹ́, kí àwọn wò ó bóyá yóò wu àwọn? Àmọ́ ojoojúmọ́ ni wọ́n ń béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ wa, tí a sì ń gbà.

Ìdajì sílẹ̀, ìdajì lẹ́yìn kò dára fún iṣẹ́ tó pẹ́. Pín in sí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí owó kọ̀ọ̀kan so mọ́ ohun tí wọ́n lè fojú rí: ìròyìn ọjà, àpẹẹrẹ àkọ́kọ́, àṣeparí. Wọn kò san ti ìsinsìnyí, ẹ kò bẹ̀rẹ̀ tèyí tó kàn. Kọ iye àtúnṣe tó wà nínú owó náà sílẹ̀, kí o kọ iye tí àtúnṣe tó bá lé lórí rẹ̀ yóò jẹ́. Bí náírà ṣe ń ṣe yìí, kọ ọjọ́ tí iye owó tí o sọ yóò dópin. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà Nàìjíríà ti ọdún 2022 sì ní a kò lè gbé irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ láìkọ ọ́ sílẹ̀. Jẹ́ kó wà nínú ìwé àdéhùn rẹ pé ọjọ́ tí owó bá pé ni ẹ̀tọ́ iṣẹ́ náà kúrò lọ́wọ́ rẹ. Má fi halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni. Kíkọ tí o kọ ọ́ ti tó.

Ní ti ìpín nínú èrè tí wọ́n fi lọ̀ ọ́, kì í ṣe ohun burúkú látilẹ̀. Nígbà tí Sam Farber rí i pé làkúrègbé kò jẹ́ kí ìyàwó òun lè bó èèpo nǹkan dáadáa, ó lọ bá ilé iṣẹ́ dìsáìnì Smart Design ní New York. Wọ́n gbà láti jẹ lára iye tí ọjà náà bá tà dípò odindi owó iṣẹ́ wọn, nígbà tí àwọn ohun èlò OXO Good Grips sì jáde lọ́dún 1990 pẹ̀lú èèkù rọ́bà dúdú tó nípọn, ó mówó wá fún wọn. Àmọ́ Farber ti dá ilé iṣẹ́ ohun èlò ìdáná sílẹ̀ rí, ó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ọjà, ó mọ bí wọ́n ṣe ń tà á. Tìrẹ ńkọ́? Gbèsè tí wọn kò rí san ni wọ́n fẹ́ fi ìlérí bò mọ́lẹ̀. Sọ fún wọn pé ẹ ṣeun, ẹ san ti ọwọ́ yìí ná.

Wàyí o, ọmọ rẹ tó fẹ́ lọ. Má tan ara rẹ, o kò lè san iye dọ́là tí wọ́n fẹ́ fún un. Àmọ́ bí mo ṣe ń ka lẹ́tà rẹ, mo ń ro ohun tó ń ṣe é. Ó ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, ọ̀gá rẹ̀ tú u lóru, ó dé lówùúrọ̀, kò mọ ohun tó ṣe tó burú. Ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í pẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe irú èyí sí i. Ó dùn mí láti sọ ọ́, torí mo mọ̀ pé ìfẹ́ iṣẹ́ ló ń ṣe ọ́, kì í ṣe ìkà. Dẹ́kun rẹ̀ lónìí. Wo iṣẹ́ wọn nígbà tí wọn kò tíì parí rẹ̀, tí àtúnṣe kò tíì ro wọ́n, kí ìwọ má sì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà wọn. Má sọ pé “kò wù mí.” Béèrè pé: “Báwo ni ìyá tó ń ta ata yóò ṣe tẹ èyí?” Ọmọ tó fẹ́ lọ náà gan-an ni kí o mú dání lọ sí Mile 12, òun ni kó dúró níwájú alága ṣàlàyé ohun tí ẹ rí. Bóyá yóò dúró, bóyá yóò ṣì lọ. Bó bá lọ, gbàdúrà fún un, kó lọ pẹ̀lú ayọ̀. Iṣẹ́ lè gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ padà wá sọ́dọ̀ rẹ lọ́la.

Báǹkì ló kù. Iṣẹ́ tó dára ni, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń sọ àwọ̀ tó wù wọ́n pọ̀ ní báǹkì ju ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lọ o, o kò sì ní lè dá wọn dúró nítorí owó. Bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún ọ láyè títí di ìparí oṣù. Kí o tó dá wọn lóhùn, jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ ti dé ọjà, kí o sì ti gbé ìwé àdéhùn tuntun lọ bá alága. Lẹ́yìn náà, wo owó tó wà ní àkáǹtì ilé iṣẹ́. Bí alága bá buwọ́ lùwé, tó sì san apá àkọ́kọ́, sọ fún báǹkì pé o dúpẹ́, kí o máa bá iṣẹ́ rẹ lọ. Bó bá kọ̀, dá iṣẹ́ náà dúró, kí o sì ṣírò owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ márààrún àti owó ilé. Bí owó tó wà nílẹ̀ kò bá lè gbé yín fún oṣù mẹ́ta, gba iṣẹ́ báǹkì, kí o pe àwọn ọmọ náà jọ lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n lè tètè máa wá iṣẹ́ mìíràn nígbà tí owó oṣù ṣì ń wọlé fún wọn.